Àmàlà ni àbí wíìtì? Ìjíròrò lórí oúnjẹ afáralókun tí à ń jẹ lójoojúmọ́

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ kan ní Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ṣúgà mi ti ń gòkè, ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní kí n dín oúnjẹ afáralókun kù, irú bí iṣu, ìrẹsì àti gàrí, kò sọ èyí tí n ó dín kù àti èyí tí n ó máa jẹ lọ. Màmá mi ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí n máa jẹ. Ìyàwó mi ti ra wíìtì sílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa gbogbo òkèlè tì. Ọkọ̀ ni mo ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, n kò lè máa jẹ ewé bí ewúrẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Ẹ má pa òkèlè tì. Ẹ gé e sí ìdajì, kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja gba àyè ìdajì tó kù. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí oníkálukú yóò fi dé pẹ̀lú irú òkèlè tó gbà gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí tèmi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se oúnjẹ fún bàbá mi tó ní àtọ̀gbẹ. Nílé ni o, lọ́jà ni o, iyàn kan náà ni mò ń gbọ́: àmàlà ló dára jù ni àbí ẹ̀bà, iyán ni àbí sẹ̀mó. Ẹ wo ohun tó wà nínú oúnjẹ gan-an. Bí a bá wọn 100 gíráàmù iṣu sísè, afáralókun inú rẹ̀ á tó nǹkan bíi 27 gíráàmù. Ti ìrẹsì funfun sísè á tó 28. Ṣé torí gíráàmù kan ni ìyá, ìyàwó àti ọ̀rẹ́ ṣe ń fa èèyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún? Ẹ wá wo ẹ̀wà sísè: afáralókun rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 21 lọ, purotéènì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 gíráàmù, fáíbà rẹ̀ sì lé ní 6. Fáíbà ni apá oúnjẹ tí inú wa kì í lè dà, èyí tó wà lára èèpo, nínú ewé àti nínú hóró. Òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra dà, tí ṣúgà kò fi ní ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáíbà tó wà nínú 100 gíráàmù ìrẹsì funfun sísè kò tó ìdajì gíráàmù kan.

Àárín òkèlè àti ẹ̀wà ni ìyàtọ̀ tó tóbi wà. Àárín òkèlè kan sí òkèlè kejì, ìyàtọ̀ náà kéré sí ariwo tí à ń pa lé e lórí.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ìyẹn ni pé àmàlà dúdú, nítorí náà fáíbà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti iyán lọ. Wọ́n ní ṣebí búrẹ́dì wíìtì náà dúdú ju búrẹ́dì funfun lọ.

N kò gbà. Iṣu tí a ń gún ní iyán náà ni a fi ń ṣe ẹ̀lùbọ́. A ó bẹ ẹ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó sá a títí yóò fi gbẹ di gbọ̀dọ̀, kí a tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. A ti da èèpo nù kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó dé rárá. Àwọn èròjà kan wà nínú iṣu fúnra rẹ̀ tó máa ń ṣú bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí wọn, ibẹ̀ ni dúdú àmàlà ti wá. Láfún tí àwọn ará Ẹ̀gbá fi ń ro àmàlà funfun, ẹ̀gẹ́ ni, a bó èèpo tirẹ̀ náà dànù. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sì rèé: àwọ̀ kò tó gbára lé níbẹ̀ náà, torí a lè fi ṣúgà tí a yan jóná pa ìyẹ̀fun láró. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá ni kí ẹ kà. Ìyẹ̀fun wíìtì tí a kò yọ èèpo rẹ̀ ló yẹ kó wà níwájú gbogbo ohun tí wọ́n tò síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àmàlà sílẹ̀. Ohun méjì ló gbé àmàlà ga lójú mi. Èkíní, omi inú àmàlà tó rọ̀ dáadáa pọ̀ ju ti iyán lọ, nítorí náà bí a bá fi wọ́n sórí ìwọ̀n, tí wọ́n sì tẹ̀wọ̀n bákan náà, afáralókun ti àmàlà máa ń kéré díẹ̀. Èkejì ni ọbẹ̀, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá jẹ àbùlà n’Íbàdàn ti jẹ ẹ̀wà láìpe orúkọ rẹ̀, torí ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Yíyọ̀ tó wà nínú ewédú, fáíbà ni, irú èyí tó máa ń mú kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn. Ilá ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ bùkátéríà, àmàlà á ga bí òkìtì, wọn á wá ta ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i lórí ní ìwọ̀nba. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà fún yín. Ẹ ra àmàlà díẹ̀, kí ẹ fi owó tó kù ra gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja sí i. Ẹni tó ń bu oúnjẹ lè kọ́kọ́ wò yín, ṣùgbọ́n yóò bù ú.

* * *

Nísinsìnyí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí ni wọ́n fi ìbínú jà lé lórí jù, ó sì yé mi, torí kò sí ilé tí àtọ̀gbẹ wọ̀ tí ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tẹ̀ lé e wọlé.

Òótọ́ wà nínú ohun tí Màmá awakọ̀ wa sọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n ní irú sítáàṣì kan tí kì í tètè dà nínú ikùn. Bí ó bá ti ń pọ́n ni sítáàṣì náà ń di ṣúgà, ìdí nìyẹn tí dòdò fi ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kúnná, tí a rò ó nínú omi tó ń hó, apá kan nínú sítáàṣì tí kì í tètè dà yẹn yóò di èyí tó ń dà kíákíá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sè lódidi tàbí tí a sun, tí a wá fi eyín jẹ, kì í tètè dà tó èyí tí a lọ̀ di ìyẹ̀fun.

A ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà nílé. Mo máa ń gún ìka bàbá mi kí wọ́n tó bu òkèlè àkọ́kọ́, máa sì tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí méjì. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn wá léraléra kò bá ohun tí àwọn ará ilé fẹ́ gbọ́ mu. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ máa ń gbé ṣúgà wọn ga ju ẹ̀bà kékeré tí a fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti panla yí ká. Bàbá gan-an kò fẹ́ gbà á. Wọ́n ní oògùn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé bí èèyàn bá ti jẹ ẹ́ púpọ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ibi tí ewu wà nìyí: oúnjẹ tí a bá ti sọ di oògùn lẹ́nu, a kì í wọn ọ́n mọ́.

Ẹnìkan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ tún rán wa létí pé àwọn kan ń po láfún mọ́ ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ torí láfún kò wọ́n tó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá lágbára ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó sá a fúnra rẹ̀, kí ó sì dúró ti ẹlẹ́rọ. Mo fọwọ́ sí i.

* * *

Wíìtì ìyàwó yín ń kọ́? Ó dára bí ó bá jẹ́ wíìtì tí a lọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ìyẹ̀fun náà, ẹ ó rí èérún èèpo nínú rẹ̀. Sẹ̀mó kì í ṣe ohun kan náà. Inú wíìtì ni ọ̀pọ̀ sẹ̀mó ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín hóró nìkan ni, èèpo ti lọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà sílẹ̀ nítorí ṣúgà, tó wá ń jẹ sẹ̀mó rọ́ńdọ́ ńlá méjì, kò tíì kúrò níbi tó wà.

Arábìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní oat ni òun ń lọ̀, òun fi ń ro òkèlè, òun sì fi ilá jẹ ẹ́. Oúnjẹ gidi ni oat, fáíbà inú rẹ̀ wúlò. Bí a bá ṣe lọ̀ ọ́ kúnná tó ni yóò ṣe yára dà tó, nítorí náà kí ó má lọ̀ ọ́ bí àtíkè. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa tí a ní ẹbí lókè òkun máa ṣọ́ ni ìyẹ̀fun iyán inú páálí. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, torí pòtétò ni wọ́n pò mọ́ àwọn kan. Ó sì rọrùn láti ṣàyẹ̀wò búrẹ́dì lọ́hùn-ún, torí wọ́n ń kọ iye fáíbà tó wà nínú 100 gíráàmù. Òfin wọn ni pé búrẹ́dì kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní onífáíbà púpọ̀ bí kò bá ní tó 6 gíráàmù nínú 100. Èyí tó bá tó 6 ni kí ẹ mú.

* * *

Ẹnìkan gbé àkójọ nọ́ńbà tó ń fi bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga hàn (glycaemic index) wá, ó ní oúnjẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ju báyìí lọ, májèlé ni. Mo mọ àkójọ yẹn. David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ni wọ́n gbé ọ̀nà ìwọ̀n náà jáde lọ́dún 1981, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Wọ́n á fún èèyàn ní oúnjẹ tí afáralókun inú rẹ̀ jẹ́ 50 gíráàmù, wọ́n á wo bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe gòkè tó, wọ́n á sì fi wé ti gúlúkóòsì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: oúnjẹ náà nìkan, ìwọ̀n kan pàtó, láìsí ọbẹ̀. Ta ló ń jẹ iyán lásán láìbu ọbẹ̀? Ta ló ń wọn 50 gíráàmù kí ó tó jókòó? Iṣu kan náà, bí a bá sè é, bí a bá sun ún, bí a bá gún un, nọ́ńbà rẹ̀ kì í dọ́gba. Àkójọ náà lè sọ fún wa pé ẹ̀wà máa ń rọra dà, búrẹ́dì funfun sì máa ń yára dà. Kò lè sọ fún yín pé àwo oúnjẹ yín dára.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí awakọ̀ yìí jáwọ́ nínú gbogbo oúnjẹ afáralókun láti ọ̀la lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Òun kò tíì lo oògùn kankan, nítorí náà tirẹ̀ lè fara rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró bíi glibenclamide ń ka ọ̀rọ̀ yìí náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lo oògùn rẹ̀, tó wá fo oúnjẹ, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ gan-an: òógùn á bo ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní mọ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ gé oúnjẹ rẹ̀ kù lójijì láìjẹ́ pé dókítà tún ìwọ̀n oògùn náà wò.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ jókòó sí. Ìyá kan kọ̀wé pé gbogbo ohun tí à ń sọ yìí, ti olówó ni: oat, búrẹ́dì wíìtì, ìrẹsì ọ̀fàdà. Ó ní gàrí ni àwọn ọmọ òun fi ń yó, kí a má fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wo òun.

Mà, kò sí ẹni tó ń fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wò yín. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé a ti jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé oúnjẹ tó dára ní láti wá nínú páálí. Àwọn oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore jù láàárín wa wà lórí igbá lọ́jà. Ẹ̀wà. Àgbàdo sísè. Ègbo tí a fi ẹ̀wà jẹ. Àdàlú, tí ẹ̀wà àti àgbàdo ti wà pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ẹ̀kuru. Ọ̀dùnkún tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Kókò. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lọ́dún 2023 pé kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tó 25 gíráàmù ó kéré tán lóòjọ́, kí èso àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì tó 400 gíráàmù. Wọ́n ní inú hóró tí a kò yọ èèpo rẹ̀, ẹ̀fọ́, èso àti irúgbìn bíi ẹ̀wà ni kí afáralókun wa ti máa wá jù. Ẹ fi ìṣirò sí i: 200 gíráàmù ẹ̀wà sísè, ìyẹn àwo kan tí kò kún, ti fún yín ní fáíbà tó 13 gíráàmù. Ó ti ju ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ. Ìrẹsì funfun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ jẹ ìkòkò kan tán.

Bí gàrí bá sì ni agbára ká, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yọ ṣúgà kúrò nínú gàrí tí ẹ ń mu, kí ẹ fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí dípò rẹ̀. Ẹ bu gàrí sínú ife kí ẹ tó da omi sí i, torí gbígbẹ ni gàrí, nǹkan bíi 80 gíráàmù nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ afáralókun, ó sì máa ń wú. Ẹni tó ń bù ú kún un bí omi ṣe ń gbẹ kò ní mọ iye tó mu. Ẹ̀bà náà, ẹ jẹ́ kí ó kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé.

Àtakò tó lágbára jù sí ẹ̀wà kì í ṣe ti owó rẹ̀ lásán. Wọ́n ní gáàsì ìdáná ni ẹ̀wà ń jẹ, wọ́n ní ó ń fẹ́ni nínú, wọ́n sì ní oògùn kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́. Ti gáàsì: ẹ rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé yóò tètè jinná, ẹ se èyí tó tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan bí ẹ bá ní fíríìjì. Ti inú fífẹ́: ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, ẹ fi omi mìíràn sè é, kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, torí inú á mọ́ ọn lára. Ti oògùn ni kí a má fi ṣeré. Lọ́dún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ nílé kò ní ilẹ̀kùn tí a lè tì. Ẹ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá rà á púpọ̀, ẹ sá a, kí ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le tàbí àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú láìsí oògùn kankan. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó rẹ ẹ́.

Lórí ọ̀fàdà, gbólóhùn kan péré: ó sàn ju ìrẹsì funfun lọ nítorí wọn kì í bó o tán, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á ń pò ó mọ́ mìíràn, epo ayamáṣe tí a ń dà lé e lórí kì í sì í ṣe díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tí wọ́n pọ́n sínú ewé tó yín, ẹ má tún un bù.

* * *

Ọ̀rọ̀ yà díẹ̀ síhìn-ín. Ẹnìkan bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ìrẹsì tí a sè, tí a jẹ́ kó tutù, kì í gbé ṣúgà ga tó èyí tó gbóná.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí sítáàṣì sísè bá tutù, apá kan nínú rẹ̀ á padà le, kò ní tètè dà mọ́, bí a tilẹ̀ tún un gbé kaná. Ẹ̀kọ tútù tí a dì sínú ewé ń jẹ irú àǹfààní yìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èyí tó lè gba ẹni tó jẹ àwo ìrẹsì mẹ́ta là. Ewu mìíràn tún wà: kòkòrò àìfojúrí kan máa ń hù nínú ìrẹsì tí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì láti ọ̀sán di alẹ́, ó sì lè mú èèyàn bì kó sì yàgbẹ́ gbuuru. Fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí kó tó pẹ́, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù.

* * *

A ń jà lórí òkèlè, ohun mímu ń kọjá lọ láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò máa ń ní ṣúgà tó nǹkan bíi 10 gíráàmù nínú 100 mìlílítà. Bí ìgò náà bá jẹ́ 50 sẹ́ǹtílítà, 50 gíráàmù rèé, ó súnmọ́ ṣíbí tíì méjìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí látinú oúnjẹ lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2000 kálórì, 50 gíráàmù náà nìyẹn. Ìgò kan ti gbà á tán, kò tíì jẹun. Ìjọba wa pàápàá fi owó orí náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nínú òfin ìnáwó ọdún 2021. Mọ́ọ̀tì tí à ń rà fún aboyún àti aláìsàn kò yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ṣúgà. Oyin náà, ṣúgà ni ara kà á sí. Mo mọ̀ pé èyí yóò bí àwọn kan nínú, nítorí a fi oyin ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, n kò sì bá oyin àdúrà jà. Ṣíbí mẹ́ta nínú tíì láràárọ̀ ni mò ń sọ.

Ti ọsàn: a máa ń bó o, a gé orí rẹ̀, a fún omi rẹ̀ sẹ́nu, a ju ìyókù nù. Ìyókù yẹn ni fáíbà wà. Ẹ là á, kí ẹ jẹ ẹran inú rẹ̀.

* * *

Ìyá ọlọ́mọ kan bèèrè bóyá kí òun náà dín ògì ọmọ òun tó pé oṣù mẹ́jọ kù. Rárá o. Ọmọ ń dàgbà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ògì náà má jẹ́ omi lásán. Sísẹ́ tí à ń sẹ́ ògì ti mú èérí kúrò, èròjà púpọ̀ sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ó ki, kí ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀, sóyà, edé tàbí ẹyin kún un, kí ọmọ máa mu ọmú lọ. Ògì lásán láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ló ń gbé ọmọ lọ síbi tí ikùn rẹ̀ yóò wú, tí irun rẹ̀ yóò pọ́n.

* * *

Awakọ̀ wa padà wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, kí a sọ ohun tí òun yóò jẹ láti àárọ̀ di alẹ́ láìjẹ́ pé ìyàwó òun se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún òun.

Ó tọ́. Láàárọ̀, ẹ̀kọ kan àti mọ́ín-mọ́ín dípò búrẹ́dì funfun àti tíì aládùn. Bí ẹ bá fẹ́ àkàrà, ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n kí ó má wà nínú búrẹ́dì. Lọ́sàn-án ní gáréèjì, bọ̀ọ̀lì tí kò pọ́n jù pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí ẹja sísun, tàbí àgbàdo sísè ní àsìkò rẹ̀, tàbí àwo ẹ̀wà àgànyìn láìsí búrẹ́dì. Omi ni kí ẹ fi sìn ín. Lálẹ́, òkèlè tí ìyàwó yín bá rò fún gbogbo ilé, ìbáà jẹ́ àmàlà, ìbáà jẹ́ ẹ̀bà, ni kí ẹ jẹ, kí ó má ju ìkúùkù yín kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó bu òkèlè; bí a bá fi wọ́n ṣáájú, ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀. Wíìtì tí ìyàwó yín ti rà, ẹ jẹ ẹ́ tán, owó ni. Ìyá yín náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ro àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá kí wọn, kí ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n pé kí ó mọ níwọ̀n.

Ohun kan tí kò sí nínú ìkòkò: jíjókòó. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀, iṣan kò rí iṣẹ́ fi ṣúgà ṣe. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde l’Ámẹ́ríkà lọ́dún 2002 lo irú àwọn èèyàn bíi tiyín, tí ṣúgà wọn ti ń gòkè tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara wọn kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìpín 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é. Ẹ máa rìn yí gáréèjì ká nígbà tí èrò kò bá tíì kún ọkọ̀, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó tún bèèrè pé iyán ọjọ́ Àìkú ń kọ́.

Ẹ jẹ ẹ́, ìkúùkù kan náà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe wà láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, tí oúnjẹ àná nìkan kò lè yí padà. Bí ó bá ti tó 6.5 nínú 100, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń kà á sí, dókítà ni kí ẹ sì lọ bá. Bí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá sọ fún wa iye tó jẹ́ àti ohun tí ẹ jẹ, torí àwọn awakọ̀ mìíràn ti ń bèèrè ìbéèrè kan náà lábẹ́ tiyín.